Ìyá Àríyọ̀ Tó Ń Ná Oníbàárà Wálẹ̀

Bí wọ́n bá dárúkọ olóògbé Ìyá Àríyọ̀ ní gáréèjì Òtù, ọ̀rọ̀ awakọ̀ ọkọ̀ iṣu ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ. Awakọ̀ náà ń bọ̀ láti Ṣakí, ẹ̀yìn ń ro ó, ó sì ní kí ìyá bu paraga kún ife fún òun.

“Ife kún? Ó pọ̀ jù. Gba ìlàjì.”

“Màámi, owó mi ni mo fẹ́ fi rà á.”

“Mo gbọ́. Mo ti dín in kù sí ìdámẹ́rin báyìí. Ṣé kí n tún dín in?”

Bí ọkùnrin náà ṣe ń fà á sókè ni ìyá ń fà á sílẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà pé lé wọn lórí, wọ́n ń bẹ awakọ̀ pé kó tètè gba ohun tó kù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fi parí, ẹ̀kọ mímu gbígbóná tí ìyá bù fún un ló mu, ó sì dúpẹ́ kó tó gbéra.

Báyìí ni obìnrin yìí ṣe ta paraga títí ọjọ́ alẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn a máa ná ọjà kí owó lè wálẹ̀, òun ń ná an kí ọtí lè wálẹ̀. Bí a bá bi í pé irú òwò wo nìyẹn, yóò ní, “Oníbàárà tó bá kú kì í padà wá rajà.” Ó tún ní ìbéèrè kan tó máa ń bi gbogbo èèyàn: “Kí lo fẹ́ kó bá ọ ṣe?” Ẹni tí kò bá rí i dáhùn, kò ní rí nǹkan mu. Kánsílọ̀ kan ronú ìdáhùn náà títí ó fi gbàgbé pé òǹgbẹ ń gbẹ òun.

Ní ọjọ́ kan ni Mosúnmọ́lá, ọmọ Ọdẹ́yẹmí ọdẹ, dé ìsọ̀ rẹ̀. Wọ́n ti yan òun àti àwọn mélòó kan níléèwé, wọ́n kọ́ wọn kí wọ́n lè máa la àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ́yẹ̀ nípa ọtí, igbó àti oògùn olóró, nítorí ọmọdé a máa gbọ́ ti ẹgbẹ́ rẹ̀ ju ti àgbà lọ.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ìsọ̀ yìí pa. Ọtí ń ba àwa ọ̀dọ́ jẹ́.”

“Bí mo bá tì í pa, wọ́n á lọ sí ìsọ̀ kejì. Onítọ̀hún kì í ná èèyàn wálẹ̀.” Ìyá fa bẹ́ǹṣì síwájú. “Jókòó. Ṣé o mọ Ràsáàkì?”

Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà. Ọ̀gá iléèwé ti sọ pé bí òun bá tún gbóòórùn ọtí lẹ́nu Ràsáàkì, ìwé rẹ̀ parí nìyẹn.

“Àràárọ̀ ló ń wá síbí. Mi ò tà fún un rí, ìsọ̀ kejì ló ti ń rí i rà. Mo bi í ní ìbéèrè mi títí, kò dá mi lóhùn. Ìwọ ni ẹgbẹ́ rẹ̀, ìwọ bi í.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Mosúnmọ́lá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọlọ́tí tòun ti aṣọ iléèwé. Ẹsẹ̀ kò gbèrò ní gáréèjì. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi kan bàbá rẹ̀, ó sì dé, ìbọn léjìká.

“Ìyá Àríyọ̀, ṣé ẹ ti sọ ọmọ mi di ọlọ́tí ni?”

“Baba Mosúnmọ́lá, ẹ kú àárọ̀. Kí lẹ fẹ́ kí ìbọn yẹn bá yín ṣe?”

Ọdẹ wo ìbọn, ó wo ìyá, ó wá jókòó, ó gba ẹ̀kọ mímu.

Nígbà tí Ràsáàkì dé, Mosúnmọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí wọ́n kọ́ ọ: ọtí a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, a máa ba ọpọlọ jẹ́. Ọmọkùnrin náà ti ń dìde láti lọ. Ìyá wúkọ́. Mosúnmọ́lá fi ẹ̀dọ̀ àti ọpọlọ sílẹ̀.

“Ràsáàkì, kí lo fẹ́ kó bá ẹ ṣe gan-an?”

Ọmọkùnrin náà padà jókòó. “Kó... kó bá mi kàwé. Tí tíṣà bá ní kí n dìde ka... kàwé, ẹnu mi a dì. Tí mo bá ti mu ún, mi ò ní gbọ́ ẹ̀rín yín mọ́.”

Mosúnmọ́lá sún mọ́ ọn lórí bẹ́ǹṣì. “Èmi náà wà lára àwọn tó ń rẹ́rìn-ín,” ló wí. “Má bínú.”

Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé sókè lórí bẹ́ǹṣì náà kí aago iléèwé tó lù. Oníbàárà tó bá bá wọn níbẹ̀ ní láti dúró kí Ràsáàkì ka gbólóhùn tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, ìyá á gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Mosúnmọ́lá náà ń bá àwọn ẹgbẹ́ wọn sọ̀rọ̀ ní kíláàsì lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ràsáàkì tún sá lọ sí ìsọ̀ kejì lẹ́ẹ̀kan, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló lọ mú un jáde níbẹ̀, wọn ò sì fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Nígbà tó yá, kò lọ mọ́.

Ìyá Àríyọ̀ kú nínú ọyẹ́ tó kọjá. Ní ọjọ́ kẹjọ, àwọn mọ̀lẹ́bí ní kí ẹnìkan sọ̀rọ̀ lórúkọ gáréèjì. Ràsáàkì ló dìde. Ó ní “Ìyá,” ẹnu rẹ̀ sì dì. Kò sẹ́ni tó bá a parí rẹ̀.

“Kò... kò tà fún mi rí,” ló wá wí.

Gbogbo gáréèjì bú sẹ́rìn-ín, nítorí ta ni ìyá tà fún tán? Ọdẹ́yẹmí ń rẹ́rìn-ín, ó ń nu ojú. Ràsáàkì gbé ọwọ́ sókè pé òun kò tíì parí.

“Ó máa ń... ó máa ń dúró kí n sọ̀rọ̀ tán.”

Oòrùn kúrò lórí àtíbàbà, ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu ọmọkùnrin náà. A fẹ́ràn obìnrin yẹn púpọ̀. Kò sẹ́ni tó dìde.