Orúkọ Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Sọ Ọmọ Mi

Òórùn irú ló máa ń jí ọ̀rọ̀ yìí nínú mi. Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ wà lórí sítóòfù lọ́jọ́ tí àwọn ọlọ́pàá wọ yàrá wa ní Bridge Head ní Onitsha. Ìyàwó mi lóyún, ó ń ro ẹ̀bà lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n ń wá. Òun ló ra páálí mílíìkì tí wọ́n jí nínú ọkọ̀ akẹ́rù, àmọ́ ó ti gbọ́ fìnrín pé wọ́n ń bọ̀, ó sì ti sá gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n ní bí àwọn ò bá rí ẹ̀gbọ́n, àbúrò náà á ṣe é. Èmi, ọ̀dọ́mọkùnrin tí àyà rẹ̀ kì í já, mo wọ ẹ̀wù mi tó dára jù, mo sọ fún ìyàwó mi pé, "Má tíì sọ ọbẹ̀ yẹn kalẹ̀ o, mi ò ní pẹ́ dé." Ẹ ò rí ọgbọ́n orí! Ọdún mẹ́rin ni mo lò lẹ́wọ̀n kí adájọ́ tó ní òun ò rí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn mi, kí n máa lọ sílé.

Ẹ má káàánú mi. Mi ò kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kẹta, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀wọ̀n gan-an, èmi ni wọ́n fi ṣe olórí yàrá. Lónìí, ẹ béèrè mi ní Bridge Head. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ló jẹ́ tèmi, àwọn tó gboyè jáde ló sì ń bá mi kọ rìsíìtì. Ohun tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n gbà lọ́wọ́ mi kì í ṣe ọjà. Ọjà ṣeé tún rà.

Kò pẹ́ tí mo wọ ẹ̀wọ̀n ni ìyàwó mi lọ bímọ lọ́dọ̀ ìyá mi ní Iléṣà. Baba wa ti kú, nítorí náà ẹ̀gbọ́n mi ló dúró bíi baba lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Ó ti sọ fún gbogbo ẹbí pé mo kó ọjà òun sá lọ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Òun wo ilé tó fi irọ́ mọ, ó sì sọ ọmọ mi ní Babárímisá. Orúkọ tí à ń fún ọmọ tí baba rẹ̀ kú bí wọ́n ṣe ń bí i! Èmi sì rèé láàyè, tí mò ń jẹ ẹ̀wà oníkòkòrò nítorí ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó sá gan-an ló fi sísá sọ ọmọ ẹni tí kò sá lórúkọ.

Ìyàwó mi mọ òótọ́, ó dákẹ́. Nígbà tí mo dé tí mo bi í, kò tilẹ̀ bẹ̀ mí.

"Bọ̀ọ̀dá yín bi mí pé èwo ni mo fẹ́, ọmọ ẹni tó sá lọ, àbí ọmọ ẹlẹ́wọ̀n? Ẹ̀yin lẹ wà nínú ẹ̀wọ̀n, èmi ni mo wà lójú ayé."

Ó ti mọ́ ọn lára láti nìkan sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti mọ́ èmi náà lára láti fẹ̀gbẹ́ kan sùn nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Fún ìgbà pípẹ́, ńṣe là ń kí ara wa bí ayálégbé méjì.

Ọmọ náà ńkọ́? Ọjọ́ tí mo dé, ó sá pamọ́ sẹ́yìn ìyá rẹ̀. "Mama, onye bụ nwoke a?" Ta ni ọkùnrin yìí? Láti kékeré ni ìyá rẹ̀ ti gbé e padà sí Bridge Head, Ìgbò ló gbọ́ jù, Yorùbá rẹ̀ kò ju kíkí lọ. Mo sọ fún un pé mi ò sá. Mo sọ ọ́ títí ó fi hu irùngbọ̀n. Bí a bá ti jà báyìí, á ní, "Daddy, if you no run, why dem come give me that name?"

Ọlọ́run kì í sùn. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi yọ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ọjà ti dẹnu kọlẹ̀ fún un ní Ìbàdàn, gìgísẹ̀ bàtà rẹ̀ ti jẹ tán. Ó fẹ́ kí n fún òun ní ṣọ́ọ̀bù kan nínú mẹ́ta. Mo gbé àga fún un síta, mo ra mínírà fún un, mo ránṣẹ́ pe ọmọ mi.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kú ìrìn. Ẹ kọ́kọ́ sọ fún ọmọ yìí ná: ta ló sá?"

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àwọn aládùúgbò ti ń sún mọ́ wa.

"Àbúrò, ọ̀rọ̀ ilé nìyẹn. Jẹ́ ká wọlé."

"Ojú agbo lẹ ti sọ ọ́ lórúkọ, Bọ̀ọ̀dá. Ojú agbo náà la ó ti tú u. Ẹ sì sọ ọ́ ní Ìgbò, kó lè yé e."

Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti ń fi Ìgbò nájà bí ọmọ onílẹ̀ Inland Town kí n tó mọ Onitsha, ohùn rẹ̀ wá tín-ín-rín bíi ti ẹ̀fọn. "Nna gị agbaghị ọsọ. Ọ bụ m gbara ọsọ." Baba rẹ kò sá. Èmi ni mo sá.

Obìnrin tó ń ta ṣúgà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pàtẹ́wọ́. "Chai! Oga, talk am again, me I no hear!"

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Kí n má purọ́ fún yín, ó dùn ju oyin lọ. Ìgbà tó sọ ọ́ tán ni mo wá fọ̀wọ̀ sọ fún un pé ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ní èèyàn nínú.

Mo rò pé ọmọ mi á dọ̀bálẹ̀ fún mi. Báàgì ẹ̀gbọ́n mi ló gbé, ó sìn ín dé gáréèjì. Nígbà tó padà, kò jókòó.

"Daddy, you don collect your own from am. Since wey I small, na this man matter you dey tell me. My own nko? Who I go collect am from?"

Mo pè é ní aláìmoore. Mo pariwo débi pé gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù wa ló gbọ́.

Pásítọ̀ wa ní kí n foríjì ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn àgbà sì ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ti àwọn àgbà ni mo gbà. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá tún dé lọ́la, Ìgbò náà ni yóò sọ, màá sì tún pe èèyàn sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ti ń gbé ní Nkpor lẹ́bàá Onitsha báyìí, ó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe. Ọjọ́ Àìkú ló máa ń wá kí wa. Èmi tí mo mọ iye tí wọ́n ń ta gbogbo mílíìkì tó wà ní Bridge Head, màá jókòó tì í níwájú tẹlifíṣọ̀n, mi ò ní mọ ohun tó yẹ kí n bi í. Màá bi í bóyá ó ti jẹun. Á ní òun ti jẹun.