Etí Síkẹ́ẹ̀tì Walburga

Ní gbogbo ìlú Munich, láti etí odò títí dé ẹnu ọ̀nà ààfin, kò sí ẹni tó lè fi bàtà onírin fa ìlà lórí yìnyín bíi Walburga Zeidler, ọmọ alápatà. Ẹ̀yìn ibi ìpẹran bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ ọ, lórí omi ìfọ̀jẹ̀ tó dì pupa. Bó bá ya nọ́ńbà ẹẹ́jọ, tó tún gba orí rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i, ìlà kan ṣoṣo lojú yóò rí. Àwọn adájọ́ ìdíje a kúnlẹ̀ láti wá àṣìṣe, wọn a wá a títí imú wọn yóò fi lẹ̀ mọ́ yìnyín. Omi gbígbóná ni wọ́n fi ń tú wọn sílẹ̀! Ọdún méjì tó tẹ̀ léra wọn ló gba ife àwọn obìnrin ilẹ̀ Jámánì. Bó bá gbà á lẹ́ẹ̀kẹta, tirẹ̀ ni títí ayé.

Síkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ kì í gbálẹ̀ bíi tàwọn yòókù. Ojúgun ló mọ, kó má baà nu ìlà tó fà.

Ojúgun yìí ni Korbinian, ọmọ Frau Haslinger, ìyáàfin tó ni ilé bíà, rí tó fi ní òun yóò fẹ́ ẹ. Nígbà tí ìdíje kẹta ku ọ̀la, Frau Haslinger ju síkẹ́ẹ̀tì onírun àgùntàn kan tó gùn dé ilẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀.

“Ọmọ alápatà, èyí lo máa wọ̀ lọ́la.”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, á nu ìlà mi rẹ́.”

“Kó nù ún! Ẹsẹ̀ màlúù ni bàbá ẹ ń so kọ́ síta fún oníbàárà. Ìyàwó ọmọ mi ò ní so tiẹ̀ kọ́.”

Korbinian rẹ́rìn-ín, ìfóófòó bíà ń kán ní irunmú rẹ̀. “Burgl,” bó ṣe máa ń gé orúkọ Walburga kúrú nìyẹn, “gbọ́ ti màmá. Àbí ife lo fẹ́ máa gbá mọ́ra sùn?”

“Tí mo bá wọ̀ ọ́, ṣé ẹ ó fẹ́ mi?”

“Wọ̀ ọ́ ná,” ni Frau Haslinger dáhùn.

Ó wọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ kejì, bí irin bàtà rẹ̀ ti ń kọ̀wé níwájú ni etí aṣọ tó ti rin gbingbin ń pa á rẹ́ lẹ́yìn.

“Ẹ wá wo ọ̀gá!” ni àwọn ọmọbìnrin tí Walburga ti máa ń borí nínú ìdíje ń pariwo. “Ó ń bá wa gbálẹ̀!”

Àwọn adájọ́ kúnlẹ̀, wọ́n wá, wọ́n wá.

“Omidan, ibo lẹ ya á sí?”

“Ibi tẹ́ ẹ kúnlẹ̀ sí yẹn ni, sà.”

“Ibí yìí mọ́ bí abọ́ tí ajá lá.”

Ẹ̀rín tí wọ́n rín já yìnyín lórí òkè Alps. Ipò ìkẹyìn ni Walburga wà. Ọmọ Berlin kan tí òbírí rẹ̀ rí bí ọ̀dùnkún ló gbé ife lọ.

Síkẹ́ẹ̀tì náà ti gan, ó ń ró bí páànù, nígbà tí Walburga fi dé ilé Haslinger.

“Mà, mo wọ̀ ọ́.”

“Gbogbo ìlú rí i.”

“Ìgbéyàwó ńkọ́?”

Korbinian ò gbójú sókè. “Burgl, mo ti sọ fáwọn ọ̀rẹ́ mi pé ọ̀gá orí yìnyín ni mo fẹ́ fẹ́. Kí ni kí n wá pe ìwọ báyìí?”

“Bọ́ síkẹ́ẹ̀tì yẹn kó o tó jáde,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Tiwa ni.”

Ó bọ́ ọ. Yẹ̀rì abẹ́ aṣọ nìkan ló fi gba ìgboro kọjá, láàárín àwọn èrò tó ń ti ibi ìdíje bọ̀, ojúgun rẹ̀ síta fún ẹni gbogbo.

“Ọmọ alápatà!” ni ọkùnrin kan kígbe láti ẹnu ọ̀nà ilé bíà. “Èló ni kílò kan?”