Ẹ̀sùn Ariwo Lórí Pẹ́pẹ́yẹ Tí Kì í Ké

Pẹ́pẹ́yẹ mẹ́fà ni a pàdánù ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Nzeng-Ayong, àdúgbò kan ní Libreville ní ilẹ̀ Gabon, akọ kan àti abo márùn-ún. Ọ̀sán gangan ni wọ́n kó wọn lọ, lójú ìyá mi, lórí ẹ̀sùn pé wọ́n ń pariwo. Láti ọjọ́ náà ni ìyá mi kò ti fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Mo fẹ́ kí ẹni tí yóò ka ọ̀rọ̀ yìí kọ́kọ́ mọ irú ẹyẹ tí wọ́n jẹ́, kí ó tó gbọ́ ohun tí a fi wọ́n ṣe.

Lẹ́yìn tí bàbá mi ṣaláìsí ní Ṣakí ni mo ní kí ìyá mi máa bọ̀ ní Libreville. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé níbí, mo sì rò pé ilé ọmọ ẹni kò lè ṣe àjèjì síni. Èrò mi kò tọ̀nà. Àwọn ọmọ mi tí a bí síbí, èdè Faransé ni wọ́n fi ń lálàá. Bí ìyá àgbà bá bi wọ́n ní ọ̀rọ̀, wọn a rẹ́rìn-ín, wọn a kúnlẹ̀, wọn a sì sá lọ. Bí gbogbo wa bá ti wọ takisí lọ ní òwúrọ̀, ìyá mi a kù nílé, a máa wo ògiri. Ní ọjọ́ kan ó sọ fún mi pé òun ń fẹ́ ohun tí òun yóò máa bá sọ̀rọ̀, kí ahọ́n òun má baà dípẹtà. Ó ti sin pẹ́pẹ́yẹ rí nígbà tí mo wà ní kékeré. Pẹ́pẹ́yẹ ni ó sì fẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé wa kò fẹ̀, nọ́ọ̀sì kan, ọmọ ilẹ̀ Gabon, ni a sì jọ pín ògiri. Iṣẹ́ òru ni ó ń ṣe. Nígbà tí ayé bá jí ni òun máa ń sùn, fèrèsé yàrá rẹ̀ sì kọjú sí wa. Bí a ti tọ́ wa, ènìyàn kì í kó ohun ọ̀sìn wọlé láì sọ fún ẹni tí wọ́n jọ pín ògiri. Mo lọ bá a. Ó ní bí mo bá lè rí pẹ́pẹ́yẹ tí yóò jẹ́ kí òun sùn, kí n máa kó wọn bọ̀.

Ọkùnrin Nàgó kan láti ilẹ̀ Benin ni ó ń ta ẹyẹ lọ́jà. Oríṣi méjì ni ó ní. Àwọn kan funfun báláú, ẹnu wọn pupa rúsúrúsú. Bí ọ̀kan nínú wọn bá lanu, gbogbo agbo ni yóò gbè é. Àwọn kejì dúdú, wọ́n sì ní funfun lára, ojú wọn pupa, ó sì rí hángunhàngun bí èèpo igi. Àwọn wọ̀nyí kì í ké. Akọ wọn kàn ń mí hẹ̀ẹ̀ bí àgbàlagbà tí ń gun òkè, abo wọn a sì máa kùn wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni ń rẹ ọmọ. Mo jókòó ti ilé ẹyẹ náà láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, mo tẹ́tí sí wọn bí ẹni tẹ́tí sí akẹ́kọ̀ọ́.

"Tíṣà," ni ọkùnrin náà wí, "ìyàwó tí kì í sọ̀rọ̀ ni àwọn èèyàn ń wá kiri. Ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tí yóò wá pẹ́pẹ́yẹ tí kì í sọ̀rọ̀."

Mo ní èmi tilẹ̀ ì bá kọ́kọ́ wá ọlọ́jà tí kì í sọ̀rọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí, ìyẹn ni kò jẹ́ kí ó fi ìmọ̀ pamọ́ fún mi. Ó ní akọ kan péré ni kí n rà, nítorí akọ méjì kì í gbé àgbàlá kékeré láì jà. Kí n na ọwọ́ sí wọn pẹ̀lú àgbàdo, kí n sì mú kìkì àwọn tí ó bá wá jẹun ní àtẹ́lẹwọ́ mi. Kí n gé ìyẹ́ apá kan, nítorí irú wọn máa ń fò.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wọ inú ayé wa. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn níbí, oòrùn kì í fẹ́ yọjú. Ojú ọ̀run a dà bí eérú tí ó tutù, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ kò sì ní orísun tí a lè tọ́ka sí. Nínú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà máa ń tò lọ lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ń rìn nínú àlá ẹlòmíràn. Ìyá mi a jókòó lórí àpótí, ìrẹsì àná ní ọwọ́ rẹ̀, a máa ròyìn Ṣakí fún wọn. Wọn a máa mi ìrù. Mo máa ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí kọfí mi yóò fi tutù, mo sì gbọ́ níbẹ̀ ohun tí n kò mọ̀ nípa bàbá mi rí, pé ẹ̀rù àrá máa ń bà á, pé abẹ́ aṣọ ìyá mi ni ó máa ń sá sí. Nọ́ọ̀sì náà, bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, a dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a wò wọ́n díẹ̀ kí ó tó lọ sùn. Ó sọ fún mi pé bí òun bá gbọ́ wọn rárá, ńṣe ni ó dà bí ìgbà tí ẹnìkan ń gbálẹ̀ ní ibi jíjìn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó méjì kan ilẹ̀kùn wa. Ìyá mi nìkan ni ó wà nílé. Kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n ó mọ bí a ti ń gbàlejò: ó fún wọn ní àga, ó bu omi tútù fún wọn, nítorí a kì í bi àlejò ní ohun tí ó bá wá kí ó tó mumi. Wọ́n mu ún. Wọ́n nawọ́ sí àwọn pẹ́pẹ́yẹ. Inú ìyá mi dùn. Ó rò pé àwọn dókítà ẹran ni wọ́n, irú àwọn tí ń wá gún ohun ọ̀sìn lábẹ́rẹ́ ní Ṣakí, tí wọn a sì dá a padà. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ìrẹsì pe àwọn ẹyẹ náà wá sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, kí ó lè rọrùn fún àwọn àlejò láti mú wọn. Wọ́n so wọ́n lẹ́sẹ̀. Wọ́n mú ìwé kan jáde, wọ́n fi àtàǹpàkò ìyá mi tẹ yíǹkì, wọ́n sì fi tẹ̀ ẹ́.

Ìró ilẹ̀kùn ọkọ̀ wọn ni ó jí nọ́ọ̀sì náà. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ kò jí i, àní bí a ti ń gbé wọn lọ ní dídè.

Nígbà tí mo dé, ìyá mi ṣì ń retí pé wọn yóò dá wọn padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà tí mo gbọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì irú ènìyàn tí wọ́n jẹ́, tí mo sì ṣàlàyé fún un, ó gbé ife méjèèjì, ó wò wọ́n.

"Wọ́n mu omi mi," ni ó wí.

Ní ọjọ́ kejì mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ọkùnrin tí ó wà lẹ́yìn tábìlì fi ìwé náà hàn mí. Ó wà níbẹ̀ ní Faransé tí kò lábùkù pé ìyá mi jẹ́wọ́ pé àwọn ẹyẹ òun ń da àdúgbò láàmú, àti pé òun fi tinútinú yọ̀ǹda wọn. Mo bi í pé ta ni ó gbọ́ ariwo náà. Ó bi mí padà bóyá àtàǹpàkò ìyá mi kọ́ nìyẹn. Ó ní ẹnìkan fẹjọ́ sùn pé pẹ́pẹ́yẹ ń pariwo ní òpópónà wa, n kò sì lè sọ pé irọ́ ni. Ilé onígéètì irin kan wà ní igun, pẹ́pẹ́yẹ funfun ni wọ́n ń sìn níbẹ̀, inú ariwo wọn ni a ti ń dágbére fún ara wa ní ojoojúmọ́ bí a ti ń dúró de takisí. Ẹnikẹ́ni kò kan géètì yẹn. Nọ́ọ̀sì náà kọ lẹ́tà pé láti ọjọ́ tí a ti kó àwọn tiwa dé, wọn kò jí òun lójú oorun rí. Ọkùnrin náà kò kà á. Ó fi í sínú àpótí tábìlì, ó sì pa á dé.

Ìyá mi ṣì ń jókòó lórí àpótí rẹ̀ ní àárọ̀. Mo ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní òun yóò padà sí Ṣakí bí òjò bá ti dá.

Nítorí náà ni mo ṣe ń pe àwọn ọkùnrin méjì náà, àti ẹni tí ó rán wọn, ní gbangba. Kí wọ́n wá sí ilé wa, kí ìyá mi tó padà sí Ṣakí. Àga náà ṣì wà níbẹ̀. Kí wọ́n jókòó sórí rẹ̀, kí wọ́n sọ ibi tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà wà, kí wọ́n sì fi èdè tí ó yé ìyá mi ṣàpèjúwe fún un bí ariwo tí wọ́n gbọ́ náà ṣe ń dún.