Wọ́n Ti Sin Àbúrò Mi, Síbẹ̀ Wọ́n Ṣì Ń Pín Iṣẹ́ fún Un

Abẹ́ ikùn bàálù ni àbúrò mi kú sí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ ohun tí àwọn yòókù bá tún ṣe wò, kó fọwọ́ sí i, kí ọkọ̀ tó gbéra. Tún-un-wò ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Nílé pẹ̀lú, kì í jẹ́ ká gbádùn! Ìyàwó rẹ̀ á ti ti ilẹ̀kùn tán, àbúrò mi á tún dìde lọ mì í wò. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà á rẹ́rìn-ín. Háà, mo fẹ́ràn ọmọ yẹn.

Àwọn ọ̀gá wá gbé ètò tuntun dé, ètò orí kọ̀ǹpútà tó so gbogbo nǹkan pọ̀: ọkọ̀ tó ń bọ̀ fún àtúnṣe ńlá, irinṣẹ́ tí wọ́n máa lò, àti èèyàn tó máa ṣe é. Ètò náà dára, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n bá sọ fún un ló mọ̀. Wọ́n sọ fún un pé àbúrò mi kì í sinmi, ó sì gbà wọ́n gbọ́. Bí àbúrò mi ṣe ń ti abẹ́ ọkọ̀ kan bọ́ sí abẹ́ òmíràn nìyẹn, títí àyà rẹ̀ fi dákẹ́. Ilé iṣẹ́ ní ẹni rere lọ. Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin aláàánú!

Lẹ́yìn ìsìnkú, fóònù òkú dún nínú yàrá. Àtẹ̀jíṣẹ́ láti ibi iṣẹ́ ni: wọ́n ní kó wá yẹ ẹsẹ̀ tí bàálù ńlá kan fi ń balẹ̀ wò lọ́la. Ìyàwó rẹ̀ pe ọmọbìnrin tó ń pín iṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà.

"Ọmọ mi, ṣé ẹ ò mọ̀ pé ó ti kú ni?"

"A mọ̀, Mà. Ẹ má bínú. Ọ̀gá ní ká má tíì yọ orúkọ wọn. Tá a bá yọ ọ́, ètò á ní kò sẹ́ni tó máa yẹ ọkọ̀ yẹn wò, kò sì ní lè jáde lọ́jọ́ tí wọ́n dá."

Ẹ gbọ́ ná! Òkú ni wọ́n kà mọ́ òṣìṣẹ́.

Èyí tó já mi láyà jù ṣì ń bọ̀. Ọ̀rẹ́ àbúrò mi kan níbi iṣẹ́ wá kí wa. Ó ní wọ́n ti kọ ọ́ sórí kọ̀ǹpútà pé iṣẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ yẹn parí, orúkọ àbúrò mi ni wọ́n sì fi fọwọ́ sí i. Ọkọ̀ ti gbéra, ó ń kó èrò lójoojúmọ́.

"Ṣé ẹnikẹ́ni tiẹ̀ wò ó?" ni mo bi í.

Ó wolẹ̀. "Bọ̀dá, èmi ò rí ẹnì kankan níbẹ̀."

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ lo ọmọ wa pa, ẹ tún ń fi orúkọ rẹ̀ purọ́? Bí ẹsẹ̀ yẹn bá kán, ta lẹ máa dá lẹ́bi? Òkú kì í bá èèyàn ṣẹjọ́, àmọ́ èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò tíì kú. Ẹ dá ọkọ̀ náà dúró lónìí, kẹ́ ẹ sì mú ẹni tó fọwọ́ sí i jáde. Bí ó bá tún gbéra láàárọ̀ ọ̀la, kí gbogbo ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́ mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ní ó yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò ti wà nínú sàréè kí iṣẹ́ náà tó bẹ̀rẹ̀.