Ìṣáná Etí Ìró Ìyá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi ti ká tí òmíràn kò tíì hù, kò sí ohun tí n kì í tọ́ wò. Àwọn ọmọ mìíràn máa ń fi ẹnu béèrè ọ̀rọ̀. Èmi, ọwọ́ ni mo fi ń béèrè. Bí mo bá rí ihò, mo gbọ́dọ̀ ki igi bọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá dé nǹkan, mo gbọ́dọ̀ ṣí i. Ẹ má rẹ́rìn-ín mi, nítorí ìwà yìí fẹ́rẹ̀ gba ìyá mi lọ́wọ́ mi.

Ọ̀tà ìgbà náà kì í ṣe Ọ̀tà tí ẹ mọ̀ yìí. Òyìnbó ṣì ni ó ń ṣe ìjọba lé wa lórí. Láti Ṣàngó títí dé ọ̀nà Àtàn, níbi tí iléeṣẹ́ tò sí lónìí, bẹ́ẹ̀rẹ̀ àti eèsún ló wà níbẹ̀, koríko tó ga ju àgbàlagbà lọ. Bí ọyẹ́ bá dé, gbogbo rẹ̀ á gbẹ táútáú, àwọn ọdẹ á sì tiná bọ̀ ọ́ nítorí ọ̀yà àti ọ̀kẹ́tẹ́. Iná tí ọdẹ méjì dá nítorí ẹran kan, afẹ́fẹ́ lè gbé e fo ojú ọ̀nà kí wọ́n tó ṣẹ́jú.

Ẹní ni ìyá mi ń tà. Adó-Odò ló ti máa ń rà á. Á fẹsẹ̀ rìn lọ, á sun oorun ọjọ́ kan níbẹ̀, á sì padà lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ẹní lórí àti àbúrò mi lẹ́yìn. Lóòótọ́ lọ́rì wà, ṣùgbọ́n kò pọ̀, ẹni tí kò bá sì lágbára dáadáa kò lè fi ẹrù rẹ̀ jà fún àyè. Èmi àti ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, la máa ń jọ wà nílé.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyá mi kì í jáde láì mú páálí ìṣáná kan dání. Á mì ín létí, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, kí ó tó fi aṣọ wé e, á sì so ó mọ́ etí ìró rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ń ṣe mí ní kàyéfì. Ìyá mi kì í mu sìgá, kì í sì í dáná lójú ọ̀nà. Kí ló wá fẹ́ fi ìṣáná ṣe? Mo lè bi í, àbí? N kò bi í. Mo jókòó, mo dá ara mi lóhùn.

Mo mú ẹyọ ìṣáná kan, mo gbé e sórí òkúta nínú oòrùn, mo sì ṣọ́ ọ títí ọ̀sán fi pọ́n. Kò gbiná, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, ó gbóná. Ìyẹn tó mi. Mo ní bí ẹyọ kan bá lè gbóná báyìí, odidi páálí tí ìṣáná inú rẹ̀ ń fara gbo ara wọn nínú oòrùn láti Adó-Odò dé Ọ̀tà á gbiná mọ́ ìyá mi nídìí dandan. Ẹ rántí pé àbúrò mi wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an, ọkàn mi kò sì balẹ̀ mọ́.

Nítorí náà, ní ìdájí ọjọ́ tí ìyá mi yóò lọ sí Adó-Odò, bí ó ti ń ṣe àlùwàlá láti kí ìrun àsùbáà, mo tú páálí náà. Mo kó gbogbo ìṣáná inú rẹ̀, mo fi wọ́n sábẹ́ ìkòkò omi kí wọ́n lè tutù. Mo wá fa ẹyọ igbálẹ̀ mẹ́ta yọ, mo ṣẹ́ wọn wẹ́wẹ́, mo kó wọn sínú páálí. Ìyá mi dé, ó mì ín létí. Ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Ó so ó mọ́ ìró, ó ní kí n má yọ ìyá àgbà lẹ́nu, ó lọ. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin. Mo rò pé mo ti gba ẹ̀mí là.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àìlà, ìyá àgbà sá láfún sórí ẹní níta. Mo ń lé adìẹ fún un nígbà tí mo rí nǹkan dúdú tín-ín-rín tó bọ́ sórí láfún funfun náà. Òmíràn tún bọ́. Màjàlà ni. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí iná bá jó oko, màjàlà ní í ṣòfófó.

Mo ní, "Ìyá àgbà, níbo ni wọ́n ti ń bọ̀?"

Ó fi ìka mú ọ̀kan, ó wò ó. "Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ni. Kò tíì fọ́ wẹ́wẹ́, ibi tó ti wá kò jìnnà. Afẹ́fẹ́ sì ti yí lọ́sàn-án yìí, ọ̀nà Àtàn ló ti ń fẹ́ bọ̀."

"Ọ̀nà Àtàn ni màámi ń gbà bọ̀."

"Mo mọ̀. Ìyá rẹ mú ìṣáná dání, kò séwu."

"Kí ni ìṣáná fẹ́ ṣe fún iná?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní bí iná bá ń lé ènìyàn bọ̀, kò ní í lè sá jù ú. Ńṣe ni yóò ṣáná sí koríko tó wà níwájú rẹ̀, yóò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé e lọ, yóò sì bọ́ sórí ilẹ̀ tó ti jó. "Iná kì í padà wá jó ilẹ̀ tó ti jó. Ìdí nìyẹn tí ìyá rẹ kì í fi í gbàgbé ìṣáná rẹ̀."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìgbà yẹn ló tó yé mi. Mo sáré wọlé, mo gbé ìkòkò omi. Àwọn ìṣáná náà ti rẹ, orí wọn ti ń yọ́. Mo kó wọn sí àtẹ́lẹwọ́, mo gbé wọn tọ ìyá àgbà lọ, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Kò lù mí. Ó ní, "Lá ìláhà ìlàlláhù," ó fi láfún sílẹ̀ fún adìẹ, ó sì di ọwọ́ mi mú. A jáde lọ sí ìpẹ̀kun ìlú, lọ́nà Àtàn.

Ọkùnrin kan tó gun kẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ jáde wá, ojú rẹ̀ dúdú fún èéfín. Ìyá àgbà ní, "Ẹ kú ewu o. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí obìnrin kan tó pọn ọmọ, tó ru ẹní?"

Ó ní, "Mo fi í sẹ́yìn, Ìyá. Bí mo ti kọjá báyìí ni iná dí ọ̀nà."

Ìyá àgbà jókòó sórí ilẹ̀. Àwọn àwòdì ń yí po lókè èéfín, wọ́n ń já bọ́, wọ́n ń gbé tata tó ń sá fún iná. Ó yà mí lẹ́nu pé mo ṣì ń wò wọ́n, pé mo ṣì fẹ́ mọ ìdí tí iná kò fi ń jó ìyẹ́ wọn. Mo kórìíra ojú mi lọ́jọ́ náà.

Oòrùn ti rọ̀, wọ́n ti pe ìrun àlàásárì, kí a tó rí i. Kò sí ẹní kankan lórí rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun fún eérú títí dé orúnkún, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti bó. Àbúrò mi ń sùn lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ sí.

Ó ní nígbà tí iná gba iwájú àti ẹ̀yìn, òun tú etí ìró òun, òun ṣí páálí, igbálẹ̀ lòun bá. Òun tún un wò, igbálẹ̀ ni. Ó ní ibì kan wà tí koríko kò fi bẹ́ẹ̀ ga, tí iná sì rẹlẹ̀. Gbogbo ẹní tó rù ló dà lé iná náà, ó tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ kọjá, ó sì bọ́ sórí ilẹ̀ dúdú. Nígbà tó máa wẹ̀yìn, àwọn ẹní ti ń jó.

Kò tíì béèrè ẹni tó ṣe é. Mo ní, "Èmi ni, màámi. Mo rò pé á jó yín."

Ó ní, "O fẹ́ gbà mí lọ́wọ́ iná, díẹ̀ ló kù kí o fi mí lé e lọ́wọ́. Ṣé ẹnu ń dùn ọ́ ni, tí o ò bi mí?" Ó fà mí mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó sàn kí ó lù mí.

Ayé ti yí padà. Bí bẹ́ẹ̀rẹ̀ ṣe rí gan-an, ẹ̀yin ọmọ mi kò mọ̀ ọ́n mọ́, ẹ kò sì mọ òfófó tí màjàlà ń ṣe. Èéfín iléeṣẹ́ lẹ mọ̀, àti ọkọ̀ epo tó gbiná lójú títì. Ẹ lè lọ sí Adó-Odò kí ẹ sì dé kí n tó fọ àwo tán. Síbẹ̀ mò ń gbọ́ tí ẹ ń kùn pé màmá ti ń pe fóònù jù, pé ṣé ẹ̀ẹ̀kan kò tó ni. Láti ìrun àìlà títí di àlàásárì ọjọ́ yẹn, ìyá àgbà ì bá fi gbogbo ohun tó ní lélẹ̀ kí ó lè gbọ́ ohùn ìyá mi lẹ́ẹ̀kan péré. Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá pè yín lójú ọ̀nà, ẹ gbé e.