Ọjọ́ Tí Mo Já Ewé Ọparun Dànù

Mo rántí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ́jú ìyá àgbà kan, ará Japan, ní ìlú Lithonia ní Amẹ́ríkà. Rọpárọsẹ̀ ti sọ ọwọ́ ọ̀tún wọn di aláìlágbára, orí kẹ̀kẹ́ arọ ni wọ́n sì ń jókòó. Kí àìsàn tó dé, wọ́n ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń to òdòdó ní ìlànà ilẹ̀ wọn. Ọmọbìnrin wọn fẹ́ gbé wọn lọ sí ilé ìtọ́jú arúgbó, Màmá ò sì fẹ́. Wọ́n ní kó wá lọ́jọ́ Sátidé, àwọn á to òdòdó níṣojú rẹ̀, kó lè rí i pé ọwọ́ àwọn ṣì ń ṣiṣẹ́.

Láàárọ̀ Sátidé náà, wọ́n rán mi lọ gé ọparun tútù lẹ́yìnkùlé aládùúgbò, ẹni tó ní ẹyọ kan péré lòun yọ̀ǹda. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi fi ti ọmọ bíríkìlà jẹ́ ẹ. Ọparun tí bàbá mi fi ń ti kọnkéré ró kó tó gbẹ ni mo mọ̀, bí ewé kan bá sì ṣẹ́kù lára rẹ̀, ojú mi á rí màbo. Mo já gbogbo ewé, mo ré gbogbo ẹ̀ka, mo tún fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Mo wá gbé e wọlé bí ọdẹ tó pa ẹtu.

"Ewé rẹ̀ dà?" Màmá bèèrè.

"Mo ti bá yín tún un ṣe, Mà."

Wọ́n fi ọwọ́ òsì pa ara ọparun náà, wọ́n ń wá ewé. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ewé yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́. Ọmọ wọn sì ti wà lójú ọ̀nà I-20. Mo kúnlẹ̀ sórí táìlì kíṣìnnì, mo ń bẹ̀bẹ̀. Ó ya Màmá lẹ́nu pé odidi ìyá ọlọ́mọ ń kúnlẹ̀ nítorí ewé.

"Dìde," ni wọ́n wí. "Lọ mú ayùn wá."

Òótọ́ ni pé ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò ní rí i. Wọ́n fi ọwọ́ òsì tọ́ka sí abẹ́ oríkèé kan, pé kí n gé e níbẹ̀, kí oríkèé náà lè di ìdí, kí ọparun náà fúnra rẹ̀ sì di ìkòkò òdòdó. Wọ́n gbé ọwọ́ ọ̀tún tó ń gbọ̀n lé ọparun náà, wọ́n dì í mú, èmi ń fi ayùn rẹ́ ẹ. A bu omi sí i, kò jò. Màmá fúnra wọn ló fi ọwọ́ ọ̀tún náà ki òdòdó pupa kan bọ̀ ọ́, wọ́n yí i, wọ́n tún un yí. Ó pẹ́ gan-an. Ó ń ṣe mí bíi kí n gbà á lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò jẹ́ kí n tún fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ẹnu ẹ̀ la wà tí ọmọ wọn wọlé. Ó wo òdòdó, ó wò mí.

"Ṣé ìwọ lo bá wọn ṣe é?"

"Ayùn nìkan ni mo fà," mo dáhùn. "Màmá ló ṣe ìyókù."

Ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó di ọwọ́ ọ̀tún náà mú. "Ó dáa, Màmá. Ẹ máa gbé ilé yín." Inú mọ́tò ni mo ti wá sunkún ayọ̀ nígbà tí mo ń lọ sílé.

Mo ṣì ń lọ sọ́dọ̀ Màmá. Nígbà yẹn, mo rò pé ẹni tó bá ń ṣe gbogbo nǹkan fún arúgbó ló fẹ́ràn rẹ̀: èmi ni mò ń bá wọn de bọ́tìnì, èmi ni mò ń gbé ife sí wọn lẹ́nu. Mi ò mọ̀ pé díẹ̀díẹ̀ ni mò ń lé wọn kúrò nílé ara wọn. Ní báyìí, bí wọ́n bá nawọ́ sí ife tíì, mo máa ń dúró. Nígbà mìíràn, tíì á dà sórí tábìlì. A ó nù ún, wọn á sì tún nawọ́ sí i.