Ẹja Tí Bàbá Mi Fi Oúnjẹ Kẹ́

Ọdún tí bàbá mi kó wá sọ́dọ̀ mi ní Ṣakí ni àwọn ẹja mi bẹ̀rẹ̀ sí í sanra.

Olùkọ́ ni mí. Èmi nìkan ni mò ń gbé látìgbà tí àwọn ọmọ mi ti lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹja wúrà mẹ́rin ni mo ní nínú àpótí gíláàsì kan ní pálọ̀, irú ẹja tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn tó pọ́n, tí èèyàn ń sìn fún wíwò, tí kì í ṣe fún jíjẹ. Ọmọ mi obìnrin ló rà wọ́n fún mi láti Ìbàdàn, kí ilé má baà dákẹ́ jù.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi ní Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, iṣu àti àgbàdo ni wọ́n fi tọ́ wa, wọ́n sì ń sin ẹran díẹ̀. Nígbà tí ìbàdí ò jẹ́ kí wọ́n lè lọ sóko mọ́, tí ìyá mi náà sì ti ṣaláìsí, mo lọ kó wọn wá. Oṣù àkọ́kọ́ le. Ẹni tí kò jókòó rí ló wá ń jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, tí wọ́n ń wo ojú ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan wọ́n bi mí pé, “Kí ni mò ń ṣe nílé yìí gan-an?”

Mo kàn nawọ́ sí àpótí gíláàsì. “Ẹ máa bá mi fún àwọn ẹja yẹn lóúnjẹ, Bàbá.”

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ wọn ju bí mo ti rò lọ. Kí n tó ti iléèwé dé, wọ́n á ti bọ́ àwọn ẹja lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀márùn-ún. Bí wọ́n bá ń fi búrẹ́dì mu tíì, tàwọn ẹja wà ńbẹ̀. Bí wọ́n bá ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n á fi eyín rún díẹ̀ wẹ́wẹ́, wọ́n á dà á sómi. “Àwọn ẹja yìí mọ̀ mí o,” ni wọ́n máa ń wí. “Tí mo bá ti dìde báyìí, gbogbo wọn á sáré wá síwájú.”

Èmi náà ò sì gbọ́n jù wọ́n lọ. Nígbà tí oúnjẹ tí ọmọ mi rà tán, oúnjẹ ẹja àrọ̀ ni mo rà. Mo gún un, mo rọ ọ́ sínú ike, mo gbé e sójú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń pa á lójoojúmọ́.

Nígbà tó yá, ikùn àwọn ẹja wú. A rò pé ẹyin ló wà níbẹ̀, bàbá mi tilẹ̀ ń yọ̀. Àmọ́ èyí tó tóbi jù ò wá síwájú mọ́. Ìsàlẹ̀ omi ló wà, kò jẹun, kò lúwẹ̀ẹ́. Ní àárọ̀ Sátidé kan, a bá a tó léfòó, ó ti kú. Bàbá mi ò fọwọ́ kan oúnjẹ àárọ̀ wọn.

Obìnrin kan wà ládùúgbò wa tó ń sin ẹja àrọ̀ lẹ́yìn ilé rẹ̀. Mo gbé òkú ẹja náà sínú abọ́, mo gbé e lọ bá a. Ó fi bíléèdì là á níkùn, ó sì nawọ́ sí ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

“Ẹ wò ó, Àǹtí. Ó yẹ kí èyí pọ́n bí ẹ̀dọ̀ adìyẹ.”

Èyí tí mò ń wò ti ṣì, ó funfun, ó wú, ó sì gba gbogbo ikùn. Ó fi ìka kàn án, ìka náà ń dán.

“Ọ̀rá ló kún ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Kí lẹ ń fún un jẹ?”

Mo sọ ọ́ fún un, láìfi ọ̀kan pa mọ́. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. “Ẹni tó fẹ́ kí ẹja tètè tóbi kó lè tà á ló ń ra oúnjẹ ẹja àrọ̀. Ọ̀rá inú ẹ̀ ti pọ̀ jù fún tiyín. Oòrùn tún ti ba òróró inú ẹ̀ jẹ́. Ká wá fi búrẹ́dì àti ẹ̀pà lé e!”

“Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún Bàbá? Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù wọ́n kù nìyẹn.”

Ó fọwọ́, ó nù ún sára ìró rẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ.”

Ó kúnlẹ̀ kí bàbá mi, ó gbé abọ́ náà síwájú wọn. Kò bèèrè ẹni tó ń bọ́ ẹja. Ohun tó sọ ni pé, “Bàbá, ẹ ti sin ẹran kí wọ́n tó bí mi. Ẹ bá mi wo ẹ̀dọ̀ yìí.”

Bàbá mi wá awò ojú wọn. Wọ́n wò ó pẹ́. “Mo ti rí irú èyí rí,” ni wọ́n wí. Wọ́n wá sọ ti àgbò kan tí wọ́n so mọ́lẹ̀ de Iléyá, tí wọ́n ń fi àgbàdo bọ́ ṣáá títí tí kò fi lè dìde dáadáa mọ́. Ó kú nígbà tí ọdún ku ọjọ́ mẹ́ta. “A là á ká lè mọ ohun tó pa á. Bí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe rí nìyí. Mo rò pé mò ń tọ́jú ẹ̀ ni.” Lẹ́yìn náà, wọ́n yíjú sí gíláàsì. “Ṣé èmi ni mo pa ẹja yẹn?”

“Àwa méjèèjì ni, Bàbá. Èmi ni mo ra oúnjẹ ẹja àrọ̀.”

Obìnrin náà ní, “Mẹ́ta ṣì kù, Bàbá. Ọwọ́ yín ni wọ́n wà.”

Ó kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa ṣe é: oúnjẹ tó tọ́ sí irú ẹja bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀, ìwọ̀n tí àwọn ẹja lè jẹ tán kí èèyàn tó ka Fátíhà lẹ́ẹ̀mẹta, ewé tẹ̀tẹ̀ bíbọ̀ tí a gé wẹ́wẹ́, kí a máa pààrọ̀ omi, kí àwọn ẹja sì máa fi ọjọ́ kan sinmi oúnjẹ lọ́sẹ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè tí bàbá mi ń gbààwẹ̀ ni wọ́n yàn. “Ká jọ gbà á,” ni wọ́n sọ fún àwọn ẹja.

Ọ̀kan tún kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀dọ̀ tiẹ̀ ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, a gbà bẹ́ẹ̀. Méjì yòókù fọn díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì tún ń lúwẹ̀ẹ́ kiri. Bàbá mi kó erùpẹ̀ sínú bàsíà kan tó ti lu, wọ́n gbin tẹ̀tẹ̀ sí i. Nígbà tó ṣe, bàsíà di mẹ́fà, àwa náà sì ń rí ewé sè.

Mo máa ń ronú pé obìnrin yẹn ì bá ti bá wọn wí, ì bá sì jàre. Èmi gan-an ì bá ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, kí n sọ pé ìtọ́jú ni. Kò sí àdúrà àárọ̀ mi tí n kì í ti í dúpẹ́ nítorí rẹ̀. Ó ṣì máa ń yà sílé wa. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó fa ewúrẹ́ rẹ̀ kan wá, ó ní kò jẹun. Bàbá mi ní kí n gbé àga wá fún un, kí n sì máa bá tèmi lọ nínú ilé, ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́sìn ni àwọn fẹ́ sọ.